Àga méjì ni Ọbasá ń jókòó lé: àlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ abẹnugan Èkó ò tíì yé

Láti ìgbà tí wàhálà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi nípa Mudashiru Àjàyí Ọbasá, abẹnugan (olórí) ilé náà, tí àwọn aṣòfin yọ lóṣù yẹn, tó sì tún padà sípò ní oṣù kẹta. Àwọn kan ní wọ́n ti lé e kúrò nílé aṣòfin pátápátá, àwọn kan ní irọ́ ni, pé àwa ará Èkó la fi ìbò yàn án ní abẹnugan, àwa nìkan la sì lè yọ ọ́, ẹlòmíì á ní ṣebí sẹ́nétọ̀ ni (rárá o, kò ṣe sẹ́nétọ̀ rí). Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ìyá kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n yọ náà ló tún padà wá yìí, àbí àbúrò ẹ̀ ni?" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, àmọ́ nígbà tí mo la ẹnu láti ṣàlàyé fún màmá ni mo rí i pé àlàyé yẹn ò ní tán kí n tó sọ̀kalẹ̀. Òun ni mo wá jókòó kọ síbí.

Ohun tó ń dà á rú mọ́ wa lójú ni pé àga méjì ni ọkùnrin yìí ń jókòó lé, a wá ń pe méjèèjì ní ọ̀kan. Àga àkọ́kọ́, àwọn ará Àgége ló gbé e fún un. Àga kejì, àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e fún un. Ẹni tó gbé àga fún èèyàn ló lè gbà á padà, torí náà ará Àgége ò lè yọ ọ́ nípò abẹnugan, àwọn aṣòfin náà ò sì lè dìde lóru ọjọ́ kan kí wọ́n ní kì í ṣe òun ló ń ṣojú Àgége mọ́. Ẹ di èyí mú dáadáa, torí gbogbo ohun tí mo máa sọ títí dé ìsàlẹ̀, orí ẹ̀ ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Àgége ná.

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Èkó ní nínú ìwé òfin Nàìjíríà, àwọn LCDA, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí Tinubu ń ṣe gómìnà, ò sí nínú òǹkà yẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹkùn ìdìbò méjì, aṣòfin méjì méjì, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 40. Òfin ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ, Èkó ti kan òrùlé nìyẹn. Àgége wá ní Ẹkùn Kìíní àti Ẹkùn Kejì, Ẹkùn Kìíní ni ti Ọbasá. Ará Ẹ̀pẹ́, ará Badagry, ará Ìkẹjà, kódà ará Àgége fúnra ẹ̀ tó bá ń dìbò ní Ẹkùn Kejì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dìbò fún un. Nítorí náà ẹni tó bá ní "àwa ará Èkó la yàn án" ti sọ àsọdùn, apá kan nínú Àgége ló yàn án.

Ẹ má sì fi aṣòfin ìpínlẹ̀ pe aṣojúṣòfin. Aláùsá ní Ìkẹjà ni aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ń jókòó. Aṣojúṣòfin àti sẹ́nétọ̀, Àbújá ni tiwọn. Ará Àgége tó bá ní káàdì ìdìbò máa dìbò fún aṣòfin ìpínlẹ̀ ẹ̀, á dìbò fún aṣojúṣòfin Àgége lọ́tọ̀, á tún dìbò fún sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, gbogbo wọn la sì máa ń pè ní "ọnọ́rébù" títí orí wa fi ń dàrú.

Báwo ni Ọbasá wá ṣe dé ilé aṣòfin? Ọdún 1972 ni wọ́n bí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú, kánsẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgége láti 1999 dé 2002, nígbà tí ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ AD. Ipò kánsẹ́lọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ òṣèlú Èkó, ẹni tí kò mọ àwọn ìyá ọjà, àwọn onímọ́tò àti àwọn àgbà wọ́ọ̀dù, owó ẹ̀ kàn ń ṣòfò ni, ibi téèyàn sì ti ń mọ̀ wọ́n ni kánsẹ́lọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ka ìmọ̀ òfin jáde ní LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́dún 2006. Nígbà tó di ọdún 2007, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ AC fún Ẹkùn Kìíní Àgége, ó sì wọlé ní ìbò ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Kò tíì fìdí rẹmi nínú ìbò yẹn láti ìgbà náà: ó tún wọlé ní 2011, ní 2015, ní 2019, ó sì tún wọlé lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún gbáko. Tí sáà yìí bá fi máa pé ní 2027, á ti lo ogún ọdún nínú ilé yẹn, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé á ti wà ní yunifásítì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ nínú ara ẹ̀ báyìí pé, AD, AC, ACN, APC, ṣé gbogbo páàtì tó wà nílùú ni bàbá yìí ti jẹ dé ni? Rárá. Òun kọ́ ló ń fò kiri, ilé tó wà nínú ẹ̀ ló ń pààrọ̀ orúkọ. Àwọn Tinubu kúrò nínú AD lọ dá AC sílẹ̀ ní 2006, AC di ACN, nígbà tó di 2013 ACN pa pọ̀ mọ́ CPC, ANPP àti apá kan APGA, wọ́n bí APC. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀yìn Tinubu ní Èkó láti 1999, páàtì mẹ́rin ló máa wà nínú ìwé ìtàn ẹ̀ láì ṣí ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó wọlé lábẹ́ páàtì kan tó wá sálọ sí òmíràn láàárín sáà, ìyẹn lè sọ àga ẹ̀ nù lábẹ́ òfin àyàfi tí páàtì tó fi sílẹ̀ bá ti pín sí méjì tàbí tó dà pọ̀ mọ́ ẹlòmíì.

Ìbéèrè míì tí wọ́n máa ń bi mí: ṣé kò sí òfin pé ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn lè ṣe é? Fún gómìnà àti ààrẹ, ó wà. Fún aṣòfin, kò sí. Tí àwọn ará ẹkùn ẹ bá fẹ́, ẹ wà níbẹ̀ títí irun yín fi máa funfun. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti kàwé dé ìpele sẹ́kọ́ńdírì ó kéré tán, kí páàtì kan fà á kalẹ̀, kó sì ti pé ọmọ ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, 2018 ni wọ́n dín in kù). Páàtì tó fà á kalẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ní ibi tó bá jẹ́ pé páàtì kan ṣoṣo ló ń jẹ gàba, bíi Àgége, ìjà gidi kì í ṣe ọjọ́ ìbò, ọjọ́ ìdìbò abẹ́nú ni, níbi tí páàtì ti ń yan ẹni tó máa gbé àsíá wọn. Ẹni tó bá ti borí níbẹ̀ ti rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀ bébà ìdìbò wa ò ní orúkọ èèyàn kankan lórí, àmì páàtì ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tẹ̀ka sí ìgbálẹ̀, àmì APC, náà ti tẹ̀ka sí ẹni tí páàtì fi sí ẹ̀yìn ẹ̀, yálà ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ kì í ṣe pé kò sí kíkan rárá o. Ní 2015, PDP gba àga mẹ́jọ nínú 40 ní Èkó, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nìyẹn látìgbà tí ìjọba tuntun yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, Peter Obi ti Labour Party fi ìbò 582,454 ṣáájú Tinubu tó ní 572,606 nínú ìbò ààrẹ ní Èkó, ní oṣù kejì, kó tó di ìbò aṣòfin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ara àwọn olóṣèlú Èkó ò balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, APC ló mú èyí tó pọ̀ jù nínú àga aṣòfin, Ọbasá sì padà sí Àgége tiẹ̀.

Tí àwọn ará Ẹkùn Kìíní bá wá sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́ kí sáà tó pé ńkọ́? Ọ̀nà wà. Ó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn yẹn lọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, kí wọ́n gbé e lọ fún INEC, àjọ elétò ìdìbò, kí INEC wá ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹkùn tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ìbò gan-an ìdajì kì í jáde, ibo lẹ ti fẹ́ rí ju ìdajì kó fọwọ́ síwèé? Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí wọ́n ń pè padà sílé.

Ó dáa, àga kejì wá kàn, èyí tó dá wàhálà sílẹ̀.

Abala 92 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì le rárá: àwọn ọmọ ilé á yan abẹnugan kan àti igbákejì kan láàárín ara wọn. Láàárín ara wọn o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé tuntun, akọ̀wé ilé ló máa darí ètò, ẹnìkan á dá orúkọ, ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn, tí ẹni kejì ò bá jáde, ó ti wọlé. Báyìí ni Ọbasá ṣe di abẹnugan ní oṣù kẹfà 2015, wọ́n tún yàn án ní 2019, wọ́n tún yàn án ní 2023. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, àwọn àgbà páàtì ti máa ń jókòó lórí ẹ̀, orúkọ ti wà nílẹ̀. Òfin ò mọ àwọn àgbà páàtì, àmọ́ àwọn aṣòfin mọ̀ wọ́n, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn títí tá a fi máa dé oṣù kẹta.

Àwọn tó ti jókòó lórí àga yẹn ṣáájú ẹ̀ látìgbà 1999: Ọlọ́runnímbẹ̀ Mamora ló kọ́kọ́ dé, ó ṣe é dé 2003 kó tó lọ di sẹ́nétọ̀, lẹ́yìn náà ó di mínísítà. Jókòtọlá Pelumi ló tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin yọ òun náà ní 2005 (ẹ rí i pé ọdún 2025 kọ́ ni irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀), Adéyẹmí Ìkúforíjì wá gbà á, ó sì ṣe é fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá títí Ọbasá fi dé.

Kí ni abẹnugan ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń jà sí i? Òun ló ń darí ìjókòó, òun ló ń pín àwọn ìgbìmọ̀ fún aṣòfin, ta ni alága ìgbìmọ̀ ìnáwó, ta ni ti iṣẹ́ òde, ibẹ̀ sì ni ọ̀rá wà. Tí gómìnà àti igbákejì ẹ̀ bá ṣaláìsí nípò lẹ́ẹ̀kan náà, abẹnugan ló máa di gómìnà fún ìwọ̀nba oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi dìbò tuntun. Àwọn òfin tí ilé bá ṣe lábẹ́ ẹ̀ náà máa ń di ìtàn tiẹ̀. Lójú tèmi, èyí tó dáa jù lábẹ́ Ọbasá ni òfin èdè Yorùbá, tí Gómìnà Ambode fọwọ́ sí lọ́jọ́ 8 oṣù kejì 2018, tó ní kí gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Èkó máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ti ìjọba àti ti aládàáni. Bóyá àwọn iléèwé tó gbayì ń tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2025 wá dé. Ọbasá wà lókè òkun. Ilé wà ní ìsinmi. Àwọn aṣòfin kóra jọ sí Aláùsá, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ nípa bó ṣe ń darí ilé àti bó ṣe ń náwó ilé, wọ́n dìbò, wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́. Ní kíá wọ́n fi igbákejì ẹ̀ jókòó, Mojísọ́lá Meranda tó ń ṣojú Ẹkùn Kìíní Àpápá, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ abẹnugan ní Èkó, Mojeed Fatai láti Ìbẹ̀jú-Lékkí di igbákejì. Ọbasá padà dé lọ́jọ́ 25 oṣù kan náà, ó ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn yẹn, ó sì ní òun ṣì ni abẹnugan torí bí wọ́n ṣe ṣe é kò bá òfin mu. Mi ò ní dá ẹjọ́ ẹ̀sùn owó níbí, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ni tèmi.

Ibí ni màmá inú bọ́ọ̀sì ti ń sọnù. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ọbasá ṣì ni aṣòfin Àgége. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àga àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá yọ nípò abẹnugan, ó kàn máa sọ̀kalẹ̀ wá jókòó láàárín àwọn 39 yòókù ni, owó oṣù aṣòfin ẹ̀ ń wọlé, ó sì lè dá sí ọ̀rọ̀ bíi tiwọn.

Ohun kejì ni pé gbogbo wa là ń pè é ní "impeachment", àwọn oníròyìn náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Yíyọ gómìnà gùn bí ọ̀nà Àbújá: ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, ilé á dìbò bóyá kí wọ́n wádìí ẹ̀, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ á yan èèyàn méje tí kì í ṣe olóṣèlú, àwọn yẹn á gbọ́ tẹnu gómìnà, wọ́n á sì jábọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, kí ilé tó wá dìbò ìkẹyìn. Ti abẹnugan? Ìlà kan ṣoṣo ni: kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé fẹnu kò pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Kò sí pé kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn, kò sí adájọ́ kankan nínú ẹ̀. Ó rọrùn gan-an, ìdí nìyẹn tí abẹnugan ò fi gbọ́dọ̀ sùn lásùnpiyè.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta 40 jẹ́ 26 àti díẹ̀, a ò sì lè gé èèyàn sí wẹ́wẹ́, torí náà 27 ni. Àwọn aṣòfin Èkó ní iye àwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ òǹkà nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí òǹkà yẹn ṣe lágbára tó, ẹ rántí Ìbàdàn ní 2006. Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún yẹn ni aṣòfin 18 nínú 32 ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn ti yọ Gómìnà Ráṣídì Ládọjà. Méjìlélógún ni òfin fẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tiẹ̀ ti lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọn ò sí nínú gbọ̀ngàn. Igbákejì gómìnà, Aláò-Akálà, jókòó sórí àga fún bí oṣù mọ́kànlá, kí kóòtù tó ga jù lọ tó sọ ní oṣù kejìlá pé asán ni gbogbo ẹ̀, Ládọjà sì padà sí ọ́fíìsì. Bàbá yẹn náà ló di Olúbàdàn ní oṣù kẹsàn-án 2025, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kí Kábíyèsí. Ohun tí ẹjọ́ yẹn kọ́ wa ni pé kì í ṣe pé aṣòfin péjọ ló ń sọ ìpàdé di ìjókòó ilé. Iye wọn, ibi tí wọ́n ti jókòó, ta ló pè wọ́n, gbogbo ẹ̀ ni kóòtù máa tú wò.

Ta ló pè wọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Ọbasá dúró sí. Ó gbé ilé àti Meranda lọ sí kóòtù gíga Ìkẹjà. Àríyànjiyàn ẹ̀ ò lọ sórí òǹkà, ohun tó sọ ni pé ilé ti wà ní ìsinmi, òun gẹ́gẹ́ bí abẹnugan kò pè wọ́n padà, òun ò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ pé kó pè wọ́n, nítorí náà ẹni tó péjọ lọ́jọ́ 13 yẹn ò jókòó gẹ́gẹ́ bí ilé.

Kí kóòtù tó sọ̀rọ̀, nǹkan ti gbóná ní Aláùsá. Àwọn òṣìṣẹ́ DSS, ọlọ́pàá inú, wọlé sí ọgbà ilé aṣòfin nínú oṣù kejì, ariwo ta. Lọ́jọ́ 27 oṣù kejì, Ọbasá wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn agbófinró, ó jókòó sórí àga abẹnugan, aṣòfin mẹ́rin ló wà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ padà sí òǹkà: òfin ní kí ilé tó lè jókòó, ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, fún Èkó 14 nìyẹn. Èèyàn márùn-ún ò tó 14, ẹ ò nílò lọ́yà láti mọ ìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ 13 oṣù kìíní ni òǹkà wà tí ẹni tó pè wọ́n ò sí, ọjọ́ 27 oṣù kejì ẹni tó ní òun láṣẹ láti pè wọ́n wà, òǹkà ló wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ yẹn, bí ìgbà tí ẹni kan ní iṣu tí kò lọ́bẹ, tí ẹnì kejì ní ọ̀bẹ tí kò níṣu.

Àwọn àgbà páàtì tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ló wá dá sí i. Olóyè Bísí Àkàndé àti Arẹ̀mọ Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà wá bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, ìpàdé pọ̀ lórí ìpàdé. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, Meranda kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, Fatai náà kọ̀wé, àwọn aṣòfin tó ní àwọn ò fẹ́ rí Ọbasá sójú tún dìbò yàn án padà ní abẹnugan, wọ́n sì dá Meranda padà sí ipò igbákejì. Ọjọ́ 49 péré ni Meranda lò lórí àga abẹnugan. Kò sí òfin tí wọ́n rú nínú ìyẹn: ẹni tó wà lórí àga dìde, àwọn tó ni àga yan ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá bi mí bóyá àwọn aṣòfin yẹn ló ronú pìwà dà fúnra wọn, ẹ má bi mí.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ni Adájọ́ Yétúndé Pinheiro wá dá ẹjọ́, ó ní yíyọ tí wọ́n yọ Ọbasá lọ́jọ́ 13 oṣù kìíní kò bá ìwé òfin mu, ó sì fagi lé ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní, kí wá ni àǹfààní ẹ̀ nígbà tó ti padà sípò tipẹ́? Àǹfààní wà níbẹ̀ o. Ìdìbò oṣù kẹta dá àga padà fún un láti oṣù kẹta lọ ni. Ìdájọ́ yìí ní kò kúrò lórí ẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ yẹn kàn orúkọ ẹ̀, ó sì kan gbogbo ilé aṣòfin tó wà ní Nàìjíríà, torí ilé míì tó bá ń ronú pé kí abẹnugan àwọn kàn wọkọ̀ òfurufú ká ṣe tiwa, á ní láti ro ẹjọ́ yìí.

Wọ́n sì ń ronú bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ má rò pé Èkó nìkan ni. Ní Èkìtì, abẹnugan Funminiyi Afúyẹ́ kú ní oṣù kẹwàá 2022, wọ́n yan Gbóyèga Aríbisọ́gàn lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá, nígbà tó di ọjọ́ 21 wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi Olúbùnmi Adélúgbà jókòó. Ọjọ́ mẹ́fà! Ní Ògùn, wọ́n yọ Ọlákúnlé Olúọmọ ní oṣù kìíní 2024, Dàísí Elémìdé gbà á. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé aṣòfin jẹ́ ti páàtì kan náà. Àwọn ọ̀tá ò sí nílé, ara wọn ni wọ́n ń bá jà.

Èyí tó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn ni ti Meranda. Tí kóòtù bá ní asán ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 13, ipò wo ló wá kọ̀wé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta? Ṣé ọjọ́ 49 yẹn máa wọ inú ìwé ìtàn ilé àbí kò ní wọ̀ ọ́? Lọ́yà kan sọ fún mi pé lójú òfin, kò jẹ ẹ́ rí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni lójú òfin. Àmọ́ ó jókòó síbẹ̀, ọ̀pá àṣẹ wà níwájú ẹ̀, ó darí ìjókòó, àwọn aṣòfin ń pè é ní abẹnugan, gbogbo Èkó sì rí i. Ògùn ti ní Títí Ọ̀ṣẹ́ní láti 2003, Oǹdó ti ní Jùmọ̀kẹ́ Akíndélé, Èkìtì ti ní Adélúgbà. Tí Èkó bá pa orúkọ tiẹ̀ rẹ́ nítorí ẹjọ́ yìí, láti 1999, ilé yìí ò tíì ní obìnrin kankan lórí àga yẹn nìyẹn, èmi ò sì ní fara mọ́ ọn.

Ní ti Ọbasá, àga méjèèjì ló máa ṣófo papọ̀ ní oṣù kẹfà 2027 tí ilé yìí bá tú ká. Ẹni yòówù tó bá fẹ́ jókòó sórí ti Aláùsá lẹ́yìn náà, ẹkùn ìdìbò tiẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á wọlé, kí akọ̀wé ilé tó pe orúkọ ẹ̀ láàárín àwọn 40, kí àwọn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.